Mi Ò Kí Yín, Mo Ń Bi Yín Ni

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, bàbá mi ṣì wà láyé. Ìyá mi wà. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, wà, orí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pá ni. Ìyá àgbà ilé kejì tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́bodè náà wà, òun ló ní ká lọ ire ká bọ̀ ire. Nínú gbogbo wọn, èmi nìkan ló kù tó lè sọ bí àárọ̀ ọjọ́ náà ṣe rí. Mo sì ti pẹ́ láyé ju bàbá mi lọ báyìí. Bí a bá pàdé, àfàìmọ̀ kí wọ́n má dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Káfíńtà ni bàbá mi. Bí wọ́n bá fọwọ́ pa igi, wọ́n á sọ ibi tí kókó wà nínú rẹ̀ kí ayùn tó dé ibẹ̀. Èmi ni mo máa ń fi bébà họ igi títí yóò fi dán, èmi náà ni mo máa ń kùn ún. Wọ́n ní ọwọ́ mi tutù, pé igi a máa fẹ́ràn ọwọ́ tútù. Mi ò kàwé jìnnà. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni ilé ìwé mi.

Ohun kan wà lára bàbá mi tí gbogbo àdúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun yòówù kí o bi wọ́n, "A dúpẹ́" ni wọ́n á fi dáhùn. Iṣẹ́ ńkọ́? A dúpẹ́. Òrùlé tó ń jò ńkọ́? A dúpẹ́. Wọ́n ní bí ilé bá jó mọ́ Bàbá Káfíńtà lórí, wọ́n á jáde síta, wọ́n á ní, "A dúpẹ́, ó kúkú mọ́lẹ̀ dáadáa." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Bí ẹnìkan bá ní báwo ni, kò ránṣẹ́ pè ọ́ pé kí o wá ka ìṣòro sí òun létí. Dúpẹ́, kí o máa bá tìrẹ lọ.

Lọ́jọ́ náà, a fẹ́ lọ fi fèrèsé onígíláàsì sí ilé oníbàárà kan. Fèrèsé méjì ni bàbá mi ṣe, bákan náà ni wọ́n rí, bí ìbejì. A gbé ọ̀kan, a fi èkejì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nítorí ọkọ̀ Bàbá Kékeré ò gba méjèèjì. Bàbá Kékeré ló ń wa ọkọ̀ náà. Bàbá mi jókòó tì í níwájú, èmi wà lẹ́yìn, mo fi apá òsì gbá fèrèsé mọ́ra kó má baà máa jó. Bàbá mi ń fi orí àbúrò wọn tó ń pá ṣàwàdà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí n fi bébà họ ọ́, kí n kùn ún, a óò rí i tà. Bàbá Kékeré ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wà lẹ́nu rẹ̀ tí táyà iwájú fi bẹ́.

Òpó iná la lọ kọlù.

Nígbà tí ojú mi là, èrò ti yí ọkọ̀ náà ká, ẹnìkan ti di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú, ó fẹ́ fà mí jáde bí ẹni fa àpò. Mo wá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ní, "Ẹ má fà á. Ẹ jẹ́ ká wo ọrùn rẹ̀ ná." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó gun kẹ̀kẹ́, aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí kẹ̀kẹ́ náà, ó ká a dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sójú títì, ó mú aṣọ náà dání, ó rá wọlé tọ̀ mí wá láàárín gíláàsì.

Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Nígbà yẹn, kò tíì di ẹni tí mò ń pè ní "wọ́n".

"Ẹ má mira," ó wí. Ó fi ìka tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi jẹ́jẹ́, ó ní kí n mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo mì í. "Níbo ló ń dùn yín?"

Mo ní, "A dúpẹ́."

Ó dúró, ó wò mí lójú. Ẹ̀jẹ̀ mi ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin.

"Mi ò kí yín," ó wí. "Mo ń bi yín ni. Níbo ló ń dùn yín?"

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. "Apá mi," mo wí, mo sì bú sẹ́kún.

Gíláàsì ti la inú apá òsì mi, lókè ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà ò kàn ń ṣàn, ó ń fò. Á fò, á rọlẹ̀, á tún fò, bí ọkàn ṣe ń lù. Ọjọ́ tó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn ṣì lè dúró de èèyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń fò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fa aṣọ funfun rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, ó gbé apá mi sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ dì í mú. Àfọ́kù gíláàsì kan ṣì dúró ṣinṣin sí ẹran èjìká mi. Ọkùnrin kan na ọwọ́ láti fà á yọ, ó kọ̀ fún un. Ó ní kó fi í sílẹ̀, pé gíláàsì yẹn ni ìdérí, kí àwọn tó ní abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́ lọ yọ ọ́.

Bàbá Kékeré jókòó sílẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́, apá rẹ̀ ń mì dirodiro. Bàbá mi ní tiwọn, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò sí lára wọn rárá, fìlà nìkan ni wọn ò rí mọ́. Wọ́n ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò pé ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì.

Nọ́ọ̀sì náà gbé orí sókè láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. "Bàbá, ṣé kò sí ibi tó ń dùn yín?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi," bàbá mi wí. "Ọmọbìnrin mi ni kí o bá mi wò."

Ojú rẹ̀ ni mò ń wò nítorí òun ló sún mọ́ mi jù. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ là bí ẹni tó fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó wo orí bàbá mi tó funfun. Ó pa ẹnu náà dé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jókòó ná."

Ó gbìyànjú láti kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ó pe ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan pé kó bá òun tẹ apá mi mọ́lẹ̀ bí òun ṣe tẹ̀ ẹ́, kí òun lè lọ wo bàbá. Sìgbọnlẹ̀ kúnlẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Làwọn èrò bá pín sí méjì, àwọn kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, àwọn kan ń bu omi lé e lórí. A wá lé ní aláìsàn kan. Nọ́ọ̀sì náà kò lè tún yọ ọwọ́ mọ́.

Bàbá mi jókòó sí etí títì. Mo rí i tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa èjìká òsì wọn, bí ẹni tí nǹkan ta. Àárọ̀ tutù lọ́jọ́ náà, àmọ́ òógùn wà níwájú orí wọn. Wọ́n béèrè omi, obìnrin kan fún wọn, wọ́n mu, wọ́n tún béèrè.

Ọkọ̀ tó ń pín búrẹ́dì ló gbé wa dé ọsibítù. Wọ́n sún àwọn búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tẹ́ èmi sí àárín wọn. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn búrẹ́dì gbígbóná, apá mi á jẹ́ mi. Bàbá mi ní iwájú làwọn máa jókòó, kí ààyè lè gbà wá lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì náà sọ fún awakọ̀ pé kó máa bá bàbá sọ̀rọ̀ lọ́nà, kó má jẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Ó ń pariwo sí wọn láti ẹ̀yìn, "Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Bàbá mi ń dáhùn. Lẹ́yìn náà, wọn ò dáhùn mọ́.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì, awakọ̀ yíjú sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá ti sùn o."

Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà kò kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n ó gbọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n lára apá mi pé ó gbọ̀n.

*

Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ́ mi sí, gbogbo ẹni tó bá wá wò mí ni mò ń bi pé bàbá mi ńkọ́. Ìyá mi ní, "Wọ́n ń kí ọ." Ìyá àgbà ilé kejì ní, "Wọ́n ń kí ọ gan-an ni." Bàbá Kékeré, tí wọ́n fi báńdéèjì gbé apá kọ́ lọ́rùn, ní wọ́n ń kí mi. Bí wọ́n ṣe ń kí mi tó yìí, mo rò ó pé wọ́n á fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe. A kì í sọ òkú fún ẹni tó wà lórí àìsàn.

Nọ́ọ̀sì náà ló ń wá pààrọ̀ báńdéèjì mi. Wọ́ọ̀dù ọ̀hún kọ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, iwájú níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fara pa ló wà, ṣùgbọ́n á yà. Má-mira ni gbogbo ọsibítù ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ń nulẹ̀ pàápàá, bí wọ́n bá rí i lókèèrè, wọ́n á dúró gbọnin, wọ́n á ní àwọn ò mira o, sà. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìdí bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀rín náà á tán.

Mo wá bi í lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Báwo ni bàbá mi?"

Ó ń tú báńdéèjì. Ó ní, "Wọ́n ń..."

Mo ní, "Mi ò ní kí ẹ bá wọn kí mi. Mi ò sì kí yín. Mo ń bi yín ni."

Ó parí ohun tó ń ṣe. Ó bo ojú ọgbẹ́ náà, ó dì í dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí kì í ṣe, ó sì sọ fún mi pé bàbá mi ti kú lọ́jọ́ ìjàǹbá náà. Wọ́n gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ó ní, "Ẹ̀yà ara kan fà ya nínú wọn, níhà òsì, lábẹ́ egungun ìhà. Inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, níbi tí ojú ò tó. Omi tí wọ́n ń béèrè, òógùn, èjìká tí wọ́n ń fọwọ́ pa, gbogbo rẹ̀ ló ń pariwo. Ká ní mo fọwọ́ kàn wọ́n ni, ǹ bá ti mọ̀. Ikùn wọn á ti le. Ká ní mo ṣí ìpéǹpéjú wọn ni, á ti funfun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi méjèèjì wà lára yín. Ẹnu nìkan ló ṣẹ́kù fún mi, mo sì fi ẹnu béèrè bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé."

Mo sunkún títí ìrọ̀rí fi tutù. Kò sọ pé kí n má sunkún. Kò sọ pé ó ti tó. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ kan náà, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti dàgbà kọjá ìtìjú. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣàánú mi, òun nìkan ló dá mi lóhùn.

*

Nígbà tí mo padà sílé, ọwọ́ òsì mi ò lè di nǹkan mú. Ìka mi kú bí ìka ère. Má-mira ní igi ni yóò wo ọwọ́ náà sàn. Yóò wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́, yóò fi bébà sí mi lọ́wọ́, yóò ní kí n máa họ fèrèsé kejì, èyí tó kù nínú ìbejì náà. Mà á họ díẹ̀, mà á ní ó rẹ̀ mí. Yóò ní, "Alápá mi, igi náà ò tíì dán o." Alápá lorúkọ tó fún mi. Ẹlòmíràn a máa pe ìyàwó ní adúmáradán, tèmi ní Alápá. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìka ń mira. Ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ òsì gbé ife tíì fún un láì dà á sílẹ̀, ó gba ife náà, kò mu ún, ó kàn ń wò ó. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi.

Bàbá Kékeré gbọ́. Ilé wa gbóná lọ́jọ́ náà.

Ó ní ọmọge ló rí tó fi gbàgbé àgbàlagbà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun jókòó sí etí títì bí ẹrù tí wọ́n já sílẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, apá ọmọbìnrin ló ń dì mú. Ó wá yíjú sí mi.

"Ọwọ́ tí kò kan bàbá rẹ," ó wí, "ṣé òun lo fẹ́ kó máa kàn ọ́?"

Ìyá mi wà níbẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ, ìyá mi a máa lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín igi tí kò ní ẹni tó máa gé e, wọ́n á gbé òòlù lé ẹsẹ̀. Mo lọ bá wọn níbẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ẹnu àwọn lọ, pé kí n má fi tiwọn ṣe. Ta ni ò ní fi ti ìyá rẹ̀ ṣe?

Mo lọ sọ fún Má-mira pé kó má wá mọ́. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù la dúró sí, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà láàárín wa. Mo ní ìyá mi ti pàdánù ẹnìkan, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n tún pàdánù èmi àti ẹbí ọkọ wọn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè bóyá èmi náà gbà pé òun ló pa bàbá mi. Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, òun á dúró.

Mo ní, "Títí dìgbà wo?"

Ó ní, "Ṣebí Má-mira lorúkọ mi."

Mo wọlé, mo fi ìdí lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo sunkún ẹkún tí mo ti ń bò.

Ó dúró lóòótọ́. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè wo apá mi, mà á rí i lókèèrè, yóò dúró gbọnin bí àwọn obìnrin tó ń nulẹ̀, títí mà á fi kọjá. Òjò rọ̀, òjò dá. Ìyá mi ń wò mí. Ẹni tó bí ni kì í pẹ́ mọ àìsàn ẹni.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé àwo oúnjẹ mi tí mi ò fọwọ́ kàn kúrò níwájú mi, wọ́n ní, "Lọ sọ fún nọ́ọ̀sì rẹ kó wá. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀." Wọ́n sì ránṣẹ́ sí Bàbá Kékeré pé kí òun náà wá.

*

Má-mira dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ wa, kò sì dìde nígbà tí wọ́n ní kó dìde. Bàbá Kékeré jókòó sí orí àga tí bàbá mi kàn fúnra wọn, ó gbé apá rẹ̀ tó ṣẹ́ lé ẹsẹ̀. Ìyá mi jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Èmi dúró, nítorí mi ò mọ ẹ̀gbẹ́ ẹni tó yẹ kí n jókòó sí.

Bàbá Kékeré ní, "Sọ ọ́ níṣojú ìyàwó wa. Kí lo ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan fún wọn, sà," Má-mira wí. "Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní a dúpẹ́. Mo sì gbà á."

"Ẹ gbọ́ o," Bàbá Kékeré wí. "Nọ́ọ̀sì. Ó gbà á."

Má-mira ò gbèjà ara rẹ̀. Ó ní èmi náà kọ́kọ́ dúpẹ́, pé òun sọ fún mi pé òun ò kí mi, òun ń bi mí ni. "Ọ̀rọ̀ kan náà wá sí mi lẹ́nu láti sọ fún Bàbá. Mo wo ewú orí wọn. Mo ní ta ni èmi tí mo fẹ́ sọ fún àgbà pé kò gbọ́ ìbéèrè? Ìtìjú mú mi, mo pa ẹnu dé. Ọwọ́ mi ò ráyè, sà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ráyè. Ohun tí mo jẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìdùnnú, àmọ́ ẹ̀rín ni, omijé wà nínú rẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ ò mọ ọkọ mi ni. Ọdún tí a fẹ́ra, ìṣó wọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ níbi iṣẹ́, ó yọ lókè. Wọ́n rìn wálé. Wọ́n jẹun. Mo ní báwo ni, wọ́n ní a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kún inú bàtà ni mo rí nígbà tí mo fẹ́ gbá ilẹ̀. Èmi tí a jọ ń sùn, wọn ò dá mi lóhùn. Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lójú títì ni wọ́n máa wá dá lóhùn?" Wọ́n fi ìdí aṣọ nu ojú. "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ tutù."

Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ ò lè tán bẹ́ẹ̀."

Ìyá mi yíjú sí i. Ọkọ mi ni wọ́n máa ń pè é, bí obìnrin ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi," wọ́n wí, "báwo ni èjìká yín?"

"A dúpẹ́."

Ìyá mi ń wò ó. Wọn ò gbójú kúrò.

"Mi ò kí yín, ọkọ mi," wọ́n wí. "Mo ń bi yín ni."

Bàbá Kékeré gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀ tó ṣẹ́. Láti ọjọ́ ìjàǹbá náà, kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé ilé wa. A rò ó pé nítorí apá rẹ̀ ni.

"Ó ń dùn mí," ó wí. "Èmi ni mo di sítíárì mú. Mò ń rẹ́rìn-ín, táyà bẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí ṣàwàdà, mò ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ọjọ́ tí kì í dùn mí."

Ó wá sunkún tí kò sun níbi ìsìnkú.

Ẹni tó kọ́kọ́ dìde lọ bá a ni Má-mira. Mo rò ó pé ó fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Ó na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀, ó ní, "Ẹ má mira, sà." Ó fi ìka tọ egungun náà láti ọrùn lọ sí èjìká. Ó ní egungun yìí ò jọ mọ́ra bó ṣe yẹ, kí wọ́n wá sí ọsibítù lọ́la. Bàbá Kékeré nínú ẹkún ní ṣé wọ́n á tún un ṣẹ́ ni? Ìyá mi ni ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Ni gbogbo wa bá ń rẹ́rìn-ín, tí a tún ń sunkún.

Ọjọ́ ìgbéyàwó wa, Bàbá Kékeré ló fi ọkọ̀ gbé wa. Ó wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó gbé ẹyin. Àwọn ọmọdé tó ń fẹsẹ̀ rìn ń kọjá wa lọ, wọ́n ń ju ọwọ́ sí wa, kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó yára.

*

Láti ọjọ́ náà ni Má-mira ti di ẹni tí mò ń pè ní "wọ́n".

Wọn ò tún fi ẹnu nìkan bi àgbà léèrè mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà wá láti ibi ìjàǹbá ọkọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tì í. Wọ́n á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n á ka bó ṣe ń lù. Wọ́n á wo ìpéǹpéjú, wọ́n á tẹ ikùn, bí ẹni náà tilẹ̀ ń bínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, mi ò kí yín o, mo ń bi yín ni." Wọ́n fi kọ́ àwọn awakọ̀. Wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ń pariwo ní tirẹ̀ ṣì ní agbára, kí ẹ wo ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tó ń béèrè omi.

Báwo-ni méjì ló wà nínú ilé wa. Ọ̀kan wà fún ẹnu ọ̀nà, a máa ń dúpẹ́ sí ìyẹn. Èkejì wà fún ìdí bẹ́ẹ̀dì. Bí inú bá ń bí mi tí wọ́n bi mí, tí mo ní a dúpẹ́, wọ́n á ní, "Alápá mi, mi ò kí ọ o." Ó di dandan kí n jókòó kí n sọ ohun tí wọ́n ṣe. Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn títí irun wa fi funfun. A jà, a rẹ́, a sin ìyá mi, a sin Bàbá Kékeré, àwọn ọmọ lọ, ilé tún ku àwa méjì.

Àrùn ọkàn ló wá ń ṣe Má-mira. Dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n ń mi orí bí olùkọ́ tó ń gbọ́ bí ọmọ ilé ìwé ṣe ń ka ẹ̀kọ́. Wọ́n ti mọ̀ kí dókítà tó mọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wà nílé.

Fèrèsé kejì bàbá mi wà ní yàrá wa. Èmi ni mo họ ọ́ tán, èmi ni mo kùn ún, Má-mira ló fi í sára ògiri, ó wọ́ díẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà, oòrùn gba ojú rẹ̀ wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bu omi wá, wọn ò mu. Mo fọwọ́ kan iwájú orí wọn, òógùn tútù wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi mọ òógùn yẹn. Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Báwo ni ara yín?" mo wí.

"A dúpẹ́."

Mo fa àga sún mọ́ wọn. "Má-mira, mi ò kí yín o. Mo ń bi yín ni."

Wọ́n yí ojú sí mi. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe wò mí láàárín gíláàsì lọ́jọ́ náà, ojú ẹni tó ń wá ibi tó ń dùn.

"Mo gbọ́, Alápá mi," wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé o ò kí mi. Èsì ni mo fún ọ. A dúpẹ́."

Mo gbé apá òsì mi lé ọwọ́ wọn. Wọ́n gbé ìka wọn sókè díẹ̀, ó dé ojú àpá mi, ó dúró síbẹ̀. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n. Èmi náà ò mira. Kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé bàbá mi, ọkọ mi ti lọ.